Màmá Ìbà àti Olùkọ́ Inú Fóònù

Ojú ewé kan péré ni Dádì mi yọ̀ǹda fún mi nínú ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn. Wọ́n ní èmi ni mo ń ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, èmi náà ni mo bá Màmá Ìbà gbé kẹ́yìn, nítorí náà kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí, àwọn fúnra wọn á sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Kọ nǹkan tó dáa," ni wọ́n wí. Mo bi wọ́n pé ṣé nǹkan tó dáa ni wọ́n ń fẹ́ ni àbí nǹkan tó jẹ́ òótọ́. Wọ́n ní, "Bùsọ́lá, má bẹ̀rẹ̀ o."

Gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n ní kí n má bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú Bàbá Àgbà, ọkọ Màmá Ìbà, ni Dádì àti Màmá ti jà, wọn kò sì parí rẹ̀ títí Màmá fi lọ. Dádì ò pa ìyá wọn tì o. Wọ́n ń ra oògùn ránṣẹ́, wọ́n ń sanwó àtúnṣe òrùlé, wọ́n sì ń pè mí láràárọ̀ láti béèrè bóyá ìyá wọn ti jẹun. Wọn kì í ṣáà ní kí n gbé fóònù fún Màmá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹnu ìjà ni ikú bá àwọn méjèèjì yìí, ó sì dùn mí ju ohun tí ojú ewé kan lè gbà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí tó gùn yìí, lẹ́yìn tí a ti sin wọ́n tán.

N kò ní sọ ìtàn ayé Màmá Ìbà láti ìbí. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti ń gbé inú Ìbà Ẹ́sítéètì láti ìgbà tí igbó ibẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Wọ́n kúrú, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu wọn sì mú. Súwẹ́tà ni wọ́n máa ń wọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń sun àwa yòókù. Mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí mo wọ yunifásítì, nítorí pé ilé wọn kò jìnnà sí ọgbà ilé ìwé. Bàbá Àgbà ṣì wà láyé nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni wọ́n ti máa ń sùn jù.

Ìyanṣẹ́lódì gígùn kan ló mú Dókítà wọ ilé wa. Dókítà ni à ń pe olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní lámèyítọ́, ìyẹn bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ òǹkọ̀wé wò fínnífínní. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, àkókò kò tó mọ́, ni Dókítà bá ń gba ohùn ara wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ́ wa, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì lórí Wọ́sáàpù kí a lè tún un gbọ́ nílé. Mo ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ kan, mo tan ọ̀kan sílẹ̀. Màmá gbọ́ ohùn ọkùnrin, wọ́n jáde láti yàrá.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Olùkọ́ wa ni, mà. Lẹ́kíṣọ̀ àná ni."

"Ṣé o kí wọn?"

Mo rò pé eré ni. "Màmá, inú fóònù ni wọ́n wà."

"Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà lórí rédíò, ṣé o kì í ṣe àmín ni?"

Wọ́n tún ìborí wọn so, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," wọ́n sì ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn pẹ́ dé kíláàsì. Bí Màmá Ìbà ṣe wọ yunifásítì nìyẹn.

Òfin kíláàsì wọn le ju tiwa lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ dá Dókítà dúró láàárín gbólóhùn, nítorí a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu olùkọ́. Bí mo bá fẹ́ pa fóònù, àfi kí n dúró di ìgbà tí Dókítà bá mí. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ òórùn ẹ̀wà tó ń jóná, mo nawọ́ sí fóònù, Màmá gbá ọwọ́ mi dànù. Gbólóhùn tó wà lẹ́nu Dókítà gùn bí ọ̀nà Àgbádárìgì. Kí wọ́n tó dé òpin rẹ̀, ẹ̀wà ti di èédú. Gàárì ni Bàbá Àgbà mu lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì bi wá bóyá ọkùnrin inú fóònù náà ti jẹun tirẹ̀.

Ọmọ kíláàsì wa kan wà tí ikọ́ rẹ̀ máa ń dún nínú gbogbo lẹ́kíṣọ̀. Màmá máa ń kí i ní pẹ̀lẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́, wọ́n tilẹ̀ fún mi ní orógbó pé kí n mú lọ fún un. Nígbà tó yá a kò gbọ́ ikọ́ náà mọ́, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ àfi ìgbà tí mo béèrè tí wọ́n sọ fún mi pé ọmọ náà ti kó lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn ni. Mo sọ fún Màmá nígbà kan pé kí wọ́n yéé pe Dókítà ní sà, pé àbúrò Dádì tó kéré jù ṣàgbà fún un. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbẹ̀kọ́. "Ẹni tó bá kọ́ mi ní ohun tí n kò mọ̀," ni wọ́n wí, "n kì í bi í ní ọjọ́ orí."

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ohun tí Dókítà sọ ni wọ́n gbà. Dókítà kọ́ wa pé bí òǹkọ̀wé bá ti kọ ìwé rẹ̀ tán, kò láṣẹ lórí ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́, pé ọwọ́ òǹkàwé ni ìtumọ̀ wà. Inú bí Màmá. Wọ́n bá fóònù jà títí lẹ́kíṣọ̀ fi parí, wọ́n wá ní kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí Dókítà. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Ẹ káàsán, sà. Ìyá àgbà Bùsọ́lá ni mí, ní Ìbà. Mo bí ọmọ, mo rán an lọ sọ́jà. Ṣé torí pé ó ti dé ọjà, kì í ṣe ọmọ mi mọ́? Ẹ ṣeun, sà."

Inú kíláàsì ni Dókítà ti dáhùn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ fún Màmá. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni Dókítà fi ń kọ́ wa, àfi ìgbà yẹn tí wọ́n yí i sí Yorùbá. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ní Ìbà bi àwọn ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi àwọn rí. "Màmá, ọmọ yín ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ọjà máa mọ ohun kan nípa ọmọ náà tí ẹ̀yin tí ẹ bí i kò mọ̀." Màmá tún ìborí wọn ṣe. Gbogbo ẹni tó wọlé wa lọ́sẹ̀ náà ló gbọ́ ọ, títí kan ọkùnrin tó wá wo mítà iná. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti gbọ́ ọ tán ni Màmá tó dá ẹjọ́. "Wọ́n dáhùn dáadáa," ni wọ́n ní. "Kò sì tẹ́ mi lọ́rùn."

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ẹ̀kọ́ kan lórí ohun tí ìwé kò sọ. Dókítà ní bí a bá ka nǹkan tán, kí a bi ara wa pé, ta ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Ta ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí a kò rí? Màmá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ," èmi ni mo sì dá fóònù padà. Mo dá a padà lọ́jọ́ náà, mo dá a padà lọ́jọ́ kejì, mo sì ń dá a padà títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo ní ẹ̀kọ́ mìíràn ti dé, kí a gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ní kí ìyẹn dúró ná.

Láti ìgbà náà, kò sí ìwé tó wọlé wa tí wọn kò yẹ̀ wò. Alága ẹgbẹ́ onílé kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn pé ẹ̀rọ iná tuntun ti dé ẹ́sítéètì. Màmá ní kò sọ ẹni tó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ jóná. Ṣọ́ọ̀ṣì kéde pé àwọn ọ̀dọ́ gbìyànjú níbi ìkórè. Màmá béèrè ẹni tó se oúnjẹ. Àròkọ tí mo bá kọ fún Dókítà, etí wọn ni mo kọ́kọ́ ń kà á sí. Wọ́n á di ojú, wọ́n á gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n á wá ní, "Gẹ̀ẹ́sì rẹ dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹni tí ò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ń bà ọ́."

Kí ẹ̀rù má baà bà mí lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ pé Màmá Ìbà le. Wọ́n lè yan èèyàn lódì títí ẹni náà á fi gbàgbé ohun tó ṣe. Ìkòkò kan tí màmá mi yá tí kò tètè dá padà dá ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn láti ìgbà Àjíǹde títí dé Kérésì. Wọn kì í sì í tọrọ àforíjì, kódà bí ẹ̀bi bá hàn gbangba pé tiwọn ni. Bí wọ́n bá ti ṣẹ̀ ọ́, wọ́n á ra nǹkan jíjẹ, wọ́n á gbé e síbi tí o máa rí i, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìwọ lo máa mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bú mi níwájú àlejò lọ́jọ́ kan lórí ohun tí n kò ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo bá lórí ìwé mi. Mo ní, "Màmá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí nìyí?" Wọ́n ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Jẹ ẹ́."

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Màmá kórìíra òwe náà. Wọ́n ní òwe àwọn tó fẹ́ fi pósí bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. N kò mọ bí ìkórìíra yẹn ṣe jinlẹ̀ tó títí Bàbá Àgbà fi kú.

Bàbá ìjọ ni Bàbá Àgbà. Dádì ló kọ ọ̀rọ̀ ìrántí wọn, Dádì náà ló sì kà á: ọkọ tó jẹ́ olóòótọ́ sí aya kan ṣoṣo, baba ọmọ mẹ́ta. Irọ́ ni, ìjọ sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bàbá Àgbà ní ọmọ kan níta, tí obìnrin kan ní Òkókómáíkò bí fún wọn. Fèyíṣayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Àwa ọmọ ọmọ ń pè wọ́n ní Àǹtí Fèyí bí a bá pàdé wọn lójú ọ̀nà, a kì í sì í dárúkọ wọn bí a bá dé ilé. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n wà, aṣọ ọrùn wọn kò sì bá ti ẹbí mu.

Dádì kà á tán, ìjọ ṣe àmín. Màmá dìde. Kò sí nínú ètò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀. Wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n kọ́kọ́ kí pásítọ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi kọ́ mi pé kí n máa béèrè ẹni tí kò sọ̀rọ̀ nínú ohun tí a bá kà. Fèyíṣayọ̀, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọmọ mẹ́rin ni ọkọ mi fi sílẹ̀."

Àǹtí Fèyí dìde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn lọ́wọ́, bí ọmọ tí tísà pè lójijì. Ojú gbogbo èèyàn yí sẹ́yìn. Dádì ń ká ìwé ọwọ́ wọn, wọ́n ń ká a títí ó fi kéré tó páálí ìṣáná, wọ́n sì lọ jókòó.

Nílé, lẹ́yìn tí àlejò ti tú ká, Dádì ní, "Ẹ dójú tì mí, Màmá. Ẹ dójú ti òkú." Màmá ń bọ́ bàtà wọn. Wọn kò gbé orí sókè. Dádì ní bí wọ́n bá máa sọ̀rọ̀, kí ló dé tí wọn kò sọ gbogbo rẹ̀? Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo rò pé ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà ṣì ni. Màmá bọ́ bàtà kejì. "Òkú kò lójú mọ́," ni wọ́n wí. "Ẹni tó wà láàyè ni mò ń wò."

Ìjà náà nìyẹn. Dádì kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ìbà mọ́. Ní tèmi, mo fi Màmá yangàn. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, mo sọ ọ́ fún Dókítà, Dókítà sì ní irú lámèyítọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ọ̀pọ̀ wa ń yẹ ìwé ẹni ẹlẹ́ni wò, a kì í yẹ ti ilé wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Màmá. Wọn kò rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rò. Wọ́n ní kí n bá àwọn tan ẹ̀kọ́ yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá wọn dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti wà ní ọsibítù ni wọ́n ní kí n pe Dádì, pé kí wọ́n wá. Mo pè wọ́n. Dádì kò bá mi jiyàn, wọn kò sì béèrè ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ti dìde. Wọ́n ti dé Ìyànà Ìbà nígbà tí nọ́ọ̀sì fa aṣọ bo ìyá wọn lójú. N kò lè gbàgbé bí wọ́n ṣe wọlé, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ní, "Màmá, mo ti dé," bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ ojú ewé kan yẹn já lé mi léjìká, Òkókómáíkò ni mo kọ́kọ́ lọ. Àǹtí Fèyí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ níbẹ̀, aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ń rán. Mo rò pé ìyìn ni màá gbọ́. Ó ṣe tán, ta ni Màmá ṣe lóore tó wọn? Wọ́n ń gé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí mo ṣe ń ṣàlàyé.

"Nǹkan tó dáa ni bàbá rẹ ní kí o kọ?"

"Ohunkóhun tí ẹ bá ní, mà."

Wọ́n gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Omi wọ yàrá wa níbí nígbà kan. Mi ò tíì wọ girama. Màmá mi kó ẹrù sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n máa lọ sí Ìbà, kí n lọ sùn lọ́dọ̀ bàbá mi títí omi á fi fà. Mo rìn ín, nínú òjò. Géètì ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Màmá yín wà lójú fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn látìta. Wọ́n ní, 'Fèyíṣayọ̀, bàbá rẹ ò sí nílé.' Géètì sì padé. Mo gbọ́ bí irin rẹ̀ ṣe wọlé."

"Bàbá Àgbà ò sí nílé lóòótọ́?"

"Mo ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ń bá rédíò kọrin."

Ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń dún lẹ́yìn wa. Wọ́n ní inú àwọn dùn lọ́jọ́ tí Màmá pe àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé àwọn sunkún títí dé ilé. "Ṣùgbọ́n ṣé lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ mi ni? Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́." Mo béèrè bóyá Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní Màmá kàn fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan, àwọn sì pín in fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń wí. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, mo sì pa á dé. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹni tí à ń bẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni, ta ni ó tù nínú? Àǹtí Fèyí ti gbé àlùmọ́gàjí wọn padà. Wọn kò bínú, ìyẹn ló sì le jù fún mi. "Kọ eléyìí sí i," ni wọ́n wí bí mo ṣe ń dìde. "Wọ́n pè mí lórúkọ. Wọn ò bẹ̀ mí."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sí Ìbà. Inú ń bí mi sí Màmá, ó sì tún ń dùn mí pé òkú ni mò ń bínú sí. Mo ronú kan ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kí n máa dá padà. Mo ti rò pé Bàbá Àgbà ni wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀, pé ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ wọn ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti tú síta. Bóyá ara wọn ni wọ́n ń gbọ́. Àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà, àwọn ló sì mọ ohun tí àwọn pa mọ́. Wọ́n dìde níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n sọ ohun tí ọkọ wọn kò sọ, wọ́n sọ ohun tí ọmọ wọn kò kọ, wọ́n wá fo tiwọn. Bí èmi náà bá fò ó, ère ni mo gbẹ́. Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á ní ọmọ ọmọ wọn ló fi wọ́n ṣẹ̀sín nígbà tí wọn kò lè fèsì mọ́. Mo sunkún lórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé wa, n kò sì fẹ́ kí ẹnì kankan fojú burúkú wò wọ́n.

Mo kọ ọ́. Mo kọ nípa ìborí àti ẹ káàárọ̀ sà, mo kọ nípa ẹ̀wà tó jóná, mo kọ ohun tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ pé géètì padé mọ́ ọmọ kan nínú òjò nígbà tí Màmá wà lójú fèrèsé, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Fèyí ní kí n kọ sí i parí rẹ̀. Mo gbé e fún Dádì láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n kà á lórí ìdúró. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n tún un kà.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ géètì yìí fún ọ?"

"Àǹtí Fèyí ni, sà."

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò fi nǹkan kan kún un."

Mo ń retí kí wọ́n fà á ya. Wọ́n fi í sínú Bíbélì wọn, wọ́n ní kí n lọ bá wọn wá omi mu. Nígbà tí ìwé ètò ìsìnkú jáde, àwòrán Màmá ló wà ní ojú ewé tèmi, wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìrántí yóò wá láti ẹnu àkọ́bí wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tí Dádì máa kà.

Àǹtí Fèyí wá. Àwọn tó ń fi èèyàn jókòó fẹ́ mú wọn wá síwájú, wọ́n kọ̀, wọ́n lọ síbi tí wọ́n jókòó sí nígbà ti bàbá wọn. Dádì gun orí pẹpẹ, wọ́n yọ ìwé mi láti inú Bíbélì, wọ́n sì ń kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ti ẹ̀wà. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ géètì, ohùn Dádì lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kà á. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn. Pásítọ̀ dìde díẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́, Dádì fi ọwọ́ dá a padà.

"Bí ọmọ mi ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́," ni Dádì wí. "Ṣùgbọ́n géètì kì í ti ara rẹ̀. Màmá wà lójú fèrèsé, wọ́n ní kí n lọ tì í. Mo ti wà ní girama nígbà náà, mo ti tó ẹni tó lè kọ̀. Mi ò kọ̀. Fèyí, èmi ni mo tì í. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí. Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Àǹtí Fèyí kò dìde. Láti ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti dáhùn, ohùn wọn kò sì ga.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá mi. Mo rí yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ka ìyókù."